Ìkòkò Kan, Ọtí Méjì: Kí A Pe Olúkúlùkù Ní Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ọkàn mi ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọtí ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ká ìwé ìròyìn rẹ̀ pọ̀, kí ó sì wí pé akọ̀wé yìí ti di ọ̀mùtí. N kò di ọ̀mùtí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jíròrò ni èyí: bí a bá rí ohun rere méjì mú jáde láti inú ìkòkò kan, tí ọ̀kan le tí èkejì sì fúyẹ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí a da èyí tí ó fúyẹ́ nù? Bí kò bá sì yẹ kí a dà á nù, orúkọ wo ni a ó fi gbé e kalẹ̀ níwájú àlejò? Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a dà á nù rárá, àti pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní orúkọ èkejì ti ṣẹ̀, ìbáà ṣe pé kò ní ète búburú kankan ní ọkàn rẹ̀. Èmi tí mo ń wí yìí wà nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀ràn náà ti kàn mí. Ní àkókò ìsinmi tí mo lò ní London, mo dé sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí ó ti ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò mi yìí a máa pọn ọtí bíà fún ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Òfin ilẹ̀ náà kò lòdì sí i. Láti ọdún 1963 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú ìwé àṣẹ kúrò lórí bíà tí ènìyàn bá pọn fún ìlò ilé ara rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ oríṣi méjì sínú ìgò, ọ̀kan líle, ọ̀kan fífúyẹ́. Ọtí àlìkámà ni àwọn méjèèjì, ìkòkò kan náà ni ó sì ti mú wọn jáde ní ọjọ́ kan náà. Àwọ̀ ìgò wọn jẹ́ ọ̀kan, ìdérí wọn jẹ́ ọ̀kan, kò sì sí ìwé kankan lára èyíkéyìí nínú wọn. Òun nìkan ni ó mọ̀ pé èyí tí ó wà ní apá fèrèsé ni fífúyẹ́, àti pé èyí tí ó wà ní apá ẹnu ọ̀nà ni líle.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń sọ ọmọ ní orúkọ ní ilé náà. A pọntí, a rokà, àwọn ará sì péjọ. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, àna ni ó jẹ́ fún wa, ẹni tí ó ti kọjá àádọ́rin ọdún. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni ìwọ̀ntunwọ̀nsì. Ìgò mẹ́ta ọtí fífúyẹ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀ láti ọdún yìí wá, kò sì jẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gbé ọtí fífúyẹ́ wá fún Bàbá. Mo lọ, mo sì gbé èyí tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá mu ìgò mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó dìde láti máa lọ sí ilé, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Egungun tí ó ṣẹ́ kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́. Àwọn kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé Bàbá ti mu àmuyó níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́, ojú sì tì wọ́n. Nígbà tí a lọ kí i ní ọjọ́ kejì, tí èmi àti àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ohun tí ó sọ fún wa ni èyí: “Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò mu ju bí mo ti máa ń mu lọ. Ẹ sọ fún mi pé ó fúyẹ́, mo sì mu ún bí ohun tí ó fúyẹ́.” N kò ní èsì kankan. Nítorí náà ni mo ṣe gbé kálàmù mi.

Kí ẹ tó lè dá ẹjọ́ yìí dáadáa, ó yẹ kí ẹ mọ bí ìkòkò kan ti ń bí ọtí méjì. Àbúrò mi a mú ọkà tí wọ́n ti rẹ sínú omi, tí wọ́n jẹ́ kí ó hù díẹ̀, tí wọ́n sì fi ooru gbẹ: kílò 5 jẹ́ àlìkámà, kílò 3 jẹ́ ọkà báálì. Ó lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó kúnná. Ó dà á sínú ìkòkò ńlá tí ó ní asẹ́ ní ìsàlẹ̀, ó sì pò ó mọ́ nǹkan bí lítà 22 omi gbígbóná, tí ooru àpòpọ̀ náà fi dúró ní nǹkan bí 67 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó dé e fún wákàtí kan. Láàárín wákàtí kan yìí, agbára kan tí ó ti ń bẹ nínú ọkà láti ìgbà tí ó ti hù a máa sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Bí omi bá gbóná jù, agbára náà a kú. Bí ó bá tutù jù, a di ọ̀lẹ. Ẹni tí kò bá ní ohun ìwọn ooru ní ọwọ́, àfọwọ́fà ni ó ń ṣe.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ọkà báálì ń wá nínú ọtí àlìkámà? Ìdí rẹ̀ ni pé ìhòòhò ni àlìkámà ń bọ̀ láti oko. Nígbà tí a bá ti pa á ni èèpo rẹ̀ ti ń bọ́ lọ. Ọkà báálì ni ó ń mú èèpo tirẹ̀ dé inú ìkòkò, èèpo yìí ni ó sì ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní kí omi lè gba àárín rẹ̀ ṣàn. Bí àlìkámà bá dá wà, yóò lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ, omi kò sì ní kán sílẹ̀. Àwọn mìíràn a tún máa da èèpo ìrẹsì mọ́ ọn kí ó lè ṣàn geerege.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi ọkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Omi kìíní yìí nípọn, ó dùn bí oyin. Ó gbà á sínú ìkòkò mìíràn, ìyẹn ni ti ọtí líle. Ṣùgbọ́n adùn kò tíì tán nínú ọkà. Ó tún da omi gbígbóná mìíràn lé èérí ọkà náà, ó rò ó, ó jẹ́ kí ó silẹ̀, ó sì tún gba omi kejì, èyí tí ó mọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ìyẹn ni ti ọtí fífúyẹ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní ìṣirò kan tí ó rọrùn: bí a bá pín gbogbo omi ọkà náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan tí ó kọ́kọ́ ṣàn a máa gbé nǹkan bí ìdajì gbogbo adùn lọ, ìdá méjì tí ó kẹ́yìn a sì pín ìdajì yòókù. Nítorí náà ni ọtí líle fi ń ní agbára ìlọ́po méjì ti fífúyẹ́, tí fífúyẹ́ sì ń pọ̀ ní ìlọ́po méjì ti líle. Lítà 10 ni àbúrò mi rí nínú èkíní, ó sì rí lítà 20 nínú èkejì.

Ó se wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú òdòdó kíkorò tí a ń pè ní họ́ọ̀pù, ó mú wọn tutù, ó sì fi ìwúkàrà sí i, ó fi púpọ̀ sínú líle nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ jù. Irú ìwúkàrà tí ó ń lò, ti àwọn apọntí ilẹ̀ Jámánì ni. A máa mú òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kànáfùrù jáde nínú ọtí àlìkámà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, agbára ọtí líle jẹ́ nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ti fífúyẹ́ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 àti ààbọ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ìgò mẹ́ta tí mo gbé fún Bàbá jẹ́ ìgò mẹ́fà nínú ara rẹ̀. Òun ka mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ka mẹ́fà.

Kò sí ohun àjèjì nínú èyí fún ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ti se àgbo fún rí. Ní ọjọ́ kìíní, omi àgbo a dúdú, a sì korò dé inú eyín. Ní ọjọ́ kejì, ìyá a tún bu omi lé egbò àti èèpo igi kan náà, a tún gbé e ka iná. Ó ti rọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọdé lè mu ún láìdijú. Ìkòkò kan náà ni, ewé kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò bu ti ọjọ́ kìíní fún ọmọ ọwọ́ ní ìwọ̀n ti ọjọ́ kẹta. Ó mọ èyí tí ó bù, ó sì mọ ẹni tí ó bù ú fún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣà àtijọ́ ni èyí jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, omi kìíní jẹ́ ti ọtí líle tí a ń tọ́jú pamọ́ di ọjọ́ àjọ̀dún. Omi tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti ọtí kékeré tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn alágbàṣe àti àwọn ọmọ ilé pàápàá ń mu pẹ̀lú oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó ka ọtí kékeré sí ẹ̀tàn, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìjọba pàápàá mọ ìyàtọ̀ wọn. Láti ọdún 1643 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí bíà, iye tí wọ́n ń gbà lórí àgbá ọtí líle pọ̀ ju ti ọtí kékeré lọ. Ní Amẹ́ríkà, George Washington, ẹni tí ó di ààrẹ ní ọdún 1789, kọ ọ̀nà tí a ń gbà pọn ọtí kékeré sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1757. Èérí ọkà, họ́ọ̀pù àti oyin ìrèké ni ó fi ṣe é. Ẹni ńlá ni, kò sì ka ọtí kékeré sí ohun tí kò yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn apọntí ńlá London bẹ̀rẹ̀ sí í da omi kìíní àti omi ìkẹyìn pọ̀ di ọtí kan ṣoṣo, ohun ìwọn tí ń léfòó nínú omi ọkà, èyí tí John Richardson kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1784, sì jẹ́ kí wọ́n lè mọ iye adùn tí ó wà nínú omi kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ àṣà àtijọ́ náà kò kú. Ilé-iṣẹ́ Fuller's ní Chiswick, ní London, di olókìkí nítorí rẹ̀: láti inú ìkòkò ọkà kan ni wọ́n ti ń mú London Pride àti ESB jáde, wọ́n a kàn yí ìwọ̀n omi kìíní àti ti èkejì padà nínú olúkúlùkù. Ọ̀kan le ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ọ̀kan kò ní rí èkejì gbà.

Ní ti ọtí àlìkámà, ìtàn ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì fi ohun kan náà hàn. Òfin ọdún 1516 sọ pé ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan ni kí a fi pọn bíà níbẹ̀. Ọtí àlìkámà di ohun tí a ń fi àṣẹ pàtàkì pọn. Nígbà tí ìdílé tí ó ní àṣẹ náà parun ní ọdún 1602, Duke Maximilian gbà á sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì di ọ̀nà owó ńlá fún ilé ọba. Ní ọdún 1872 ni Georg Schneider rí ẹ̀tọ́ gbà láti máa pọn ọtí àlìkámà fún ara rẹ̀, ní ọdún 1907 sì ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn èyí tí ó le, tí wọ́n ń pè ní Aventinus. Títí di òní, ti àtètèkọ́ṣe wọn ní agbára ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún, Aventinus sì ní 8.2. Orúkọ wọn kò jọra, iye agbára wọn sì wà lára ìgò. Bí Bàbá wa bá mu Aventinus, yóò mọ̀ pé Aventinus ni òun mu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Àwọn kan yóò wí pé omi ìfọkà lásán ni omi kejì, àti pé ẹni tí ó bá gbé e fún àlejò ti yàn án jẹ. Èmi kò gbà. Ìdajì adùn ọkà ni ó wà nínú rẹ̀; ẹni tí ó bá dà á nù ti da ìdajì owó ọkà nù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbà lónìí pé ọtí tí kò bá gbé ni ṣubú kì í ṣe ọtí, bí ẹni pé agbára nìkan ni iyì. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tí ó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, tí ó sì fẹ́ rántí ohun tí ó sọ? Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fífúyẹ́ ti tó mu. Líle ń fẹ́ oṣù púpọ̀ nínú òkùnkùn kí ó tó rọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò wí pé omi kejì a máa gan ahọ́n, a sì máa pá bí omi tí a ti mú ẹran kúrò nínú rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ń fọ ọkà náà ní àfọ̀tán, tí kò sí adùn mọ́ tí a kò sì ṣíwọ́, èèpo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìkorò rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ojúkòkòrò ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi omi kejì. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣíwọ́ kò ní rí i. Bí ó bá sì rí i pé ó fúyẹ́ jù, kí ó da ẹ̀kúnwọ́ ọkà tuntun díẹ̀ lé ti àtijọ́ kí ó tó bu omi kejì. Ọ̀pọ̀ apọntí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọtí náà a sì le padà.

Àwọn ẹlòmíràn, àti nínú wọn àwọn àgbà ìjọ tí mo bọ̀wọ̀ fún, yóò bi mí pé kí ni ó dé tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n ọtí. Ẹni tí kò bá mu ún rárá, ó ṣe rere, n kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mu ún ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú ife rẹ̀. Ìwọ̀ntunwọ̀nsì kò lè dúró níbi tí òṣùwọ̀n kò bá sí. Bàbá wa ní ìwọ̀ntunwọ̀nsì. Àwa ni a gba òṣùwọ̀n kúrò ní ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí tí ó kù, nítorí pé ọ̀ràn náà ju ti ìsọmọlórúkọ ní London lọ. Àwa náà mọ pípọn ọkà ní ilẹ̀ wa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo àti ọtí ọkà bàbà ti wà kí bíà inú ìgò tó dé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de ọkà báálì híhù láti òkèèrè ní ọdún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí sá tọ̀. Ọgbọ́n wà ní ilẹ̀ wa, ọkà sì wà. Ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu ni orúkọ. Ẹlẹ́mu tí ó bu omi la ẹmu kò fi omi pa ènìyàn, ṣùgbọ́n owó ẹmu ni ó gbà. Bí ó bá wí pé, “Lílà ni eléyìí, iye rẹ̀ kò tó ti ògidì,” òótọ́ ni ó tà, àwọn tí yóò rà á kò sì ní ṣàìsí. Omi kejì kì í ṣe ẹmu tí a là. Ọtí gidi ni, ó ní ipò tirẹ̀, ó sì ní iye tirẹ̀. Ọjọ́ tí a bá gbà á ní iye ti èkíní, tàbí tí a bá bu èkíní fún ẹni tí ó béèrè èkejì, ọjọ́ náà ni ó di èké. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ti wí pé òótọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òótọ́ kù tà ní ọjọ́ kan ju pé kí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà ṣẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pọn ọtí, ìbáà ṣe àlìkámà tàbí ọkà bàbà, kí ó má ṣe da omi kejì nù. Kí ó kọ agbára rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó pọn ọ́n sí ara ìgò kí ó tó gbé e pamọ́, nítorí pé ìrántí kì í bá ìgò rìn dé ọ̀dọ̀ àlejò. Kí ó bu líle sínú ife kékeré, kí ó sì bu fífúyẹ́ sínú ife ńlá. Bí ó bá sì rán ẹlòmíràn ní iṣẹ́ sí yàrá ìgò, kí ó bá a lọ.

Kí n tó kúrò ní London, àbúrò mi ti wá nǹkan ṣe sí i. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn gbogbo ìgò líle, ó so funfun mọ́ ti fífúyẹ́, ó sì lẹ ìwé kékeré mọ́ olúkúlùkù. Bàbá wá kí wa pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìdè, ó wo àwọn ìgò náà, ó fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí òwú funfun, ó ní, “Mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.” Ó mu mẹ́ta, ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo kọ èyí kí àwọn tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lè kà á pé kì í ṣe ọ̀mùtí. Ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa, àwa tí a gbé ìgò tí kò ní orúkọ fún un.